Kíláàsì àti ibi ìkọ́ṣẹ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n: bí ẹ ṣe lè dá a sílẹ̀ kí ó wúlò lọ́jọ́ ìtúsílẹ̀

Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ni yóò jáde lọ́jọ́ kan. Ẹni náà á dúró lẹ́nu géètì, àpò kékeré kan á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì máa ro ibi tí yóò kọrí sí. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ̀yin tó fẹ́ dá kíláàsì sílẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín. Ẹ máa ka oṣù padà sẹ́yìn láti ọjọ́ náà títí ẹ ó fi dé ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì.

Mo ti rí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹnì kan fi ta wọ́n lọ́rẹ. Kíláàsì kún, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pín sátífíkéètì. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ náà á rí ẹ̀rọ lò níta, tàbí bóyá wọ́n tilẹ̀ fẹ́ ṣe téló. Èyí tó pọ̀ nínú wọn kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n jáde. Ó dùn mí, nítorí pé àwọn olùkọ́ náà ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn.

Ẹ̀kọ́ lẹ́wọ̀n kì í ṣe àánú lásán. Ní 2013, ilé ìwádìí RAND ní Amẹ́ríkà kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe láti 1980 jọ, wọ́n sì rí i pé bí a bá fi 100 ènìyàn tó kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́wọ̀n wé 100 tí kò kẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó padà sẹ́wọ̀n nínú àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ fi nǹkan bí 13 dín sí ti àwọn yòókù. Wọ́n tún ṣírò pé dọ́là 1 tí wọ́n bá ná sórí ẹ̀kọ́ náà ń dá dọ́là 4 sí 5 padà láàárín ọdún mẹ́ta, nínú owó tí ìjọba ì bá fi bọ́ ẹni tó padà sẹ́wọ̀n. Ẹ mú iye wọ̀nyí dání tí ẹ bá ń lọ bá aláṣẹ. Àmọ́ ẹ má fi ṣèlérí kọjá agbára. Ẹni tó fúnra rẹ̀ wá sí kíláàsì lè jẹ́ ẹni tó ti pinnu láti yí padà tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ló sì ń dá ènìyàn dúró níta.

Gbígba àyè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ọgbà ẹ̀wọ̀n náà kí ẹ tó ra ohunkóhun. Nínú lẹ́tà yẹn, ẹ mẹ́nu ba Ìlànà Nelson Mandela tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2015. Ìlànà 104 níbẹ̀ sọ pé kí wọ́n pèsè ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹlẹ́wọ̀n tó lè jàǹfààní rẹ̀, pé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ dandan fún àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí kò mọ̀wé, àti pé kí ẹ̀kọ́ inú ẹ̀wọ̀n bá ti orílẹ̀-èdè náà mu kí ẹni náà lè máa bá a lọ láìsí wàhálà tó bá jáde. Ìlànà 64 dá lórí ilé ìkàwé. Ìlànà 98 dá lórí kíkọ́ iṣẹ́ tó wúlò, pàápàá fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹ kàn fi han aláṣẹ pé ohun tí ẹ ń béèrè wà lákọsílẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ bá wọn jà.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni tó ń bójú tó ààbò, kí ẹ fetí sílẹ̀ ju bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Aago mélòó ni wọ́n ń ka èrò? Ọjọ́ wo ni wọ́n ń lọ sí kóòtù, ọjọ́ wo ni àwọn mọ̀lẹ́bí ń wá kí wọn? Kí ni kò gbọ́dọ̀ wọlé? Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìwé tí wọ́n fi wáyà dì, gọ́ọ̀mù, fóònù àti fláàṣì kò gbọ́dọ̀ kọjá géètì. Tí ẹ kò bá béèrè ṣáájú, ọjọ́ kìíní yín á parí sí ẹnu géètì.

Ẹ má sì fojú kéré àwọn wọ́dà. Wọ́dà ló ní kọ́kọ́rọ́, òun náà ló sì lè gbàgbé láti ṣílẹ̀kùn ní aago tí kíláàsì yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ wọ́dà náà bá ń jókòó sílé nítorí pé owó ilé ìwé kò sí, tí ẹlẹ́wọ̀n wá ń kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, inú rẹ̀ lè bàjẹ́, ẹ̀dùn rẹ̀ sì tọ́. Ojútùú tí mo fara mọ́ jù ni pé kí ẹ ṣílẹ̀kùn ẹ̀kọ́ náà fún wọ́dà pẹ̀lú. Ní Kẹ́ńyà, ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Justice Defenders ti mú kí ẹlẹ́wọ̀n àti wọ́dà jọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin lábẹ́ Yunifásítì London. Ẹni tó ń jókòó ṣèdánwò pẹ̀lú yín kò ní gbàgbé àtiṣílẹ̀kùn.

Mímọ ẹni tí ẹ fẹ́ kọ́

Èyí ni ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ẹ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, níbi tí àwọn yòókù kò ti lè gbọ́, fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán. Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà rẹ̀. Bí ó bá jù yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ bọ̀wọ̀ fún un bí ẹ ó ti bọ̀wọ̀ fún un níta.

Ẹ béèrè ibi tí ó bá ìwé dé àti ìdí tí ó fi dúró. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe rí, títí kan èyí tí kò kà sí iṣẹ́, bíi kí ó máa ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ọjà tàbí kí ó máa tún rédíò ṣe. Ẹ béèrè ìgbà tó ṣeé ṣe kí ó jáde, ibi tí yóò lọ, àti ẹni tí yóò gbà á sílé. Ẹ̀ṣẹ̀ tó gbé e wá kò kàn yín níbi tábìlì yẹn. Bí ohun kan bá wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nítorí irinṣẹ́ tàbí ààbò, àwọn aláṣẹ ni kó sọ ọ́ fún yín.

Ẹ wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú, ẹyinjú gan-an ni mò ń sọ. Mo bá ọkùnrin kan pàdé tí ó máa ń jókòó sẹ́yìn, tí kì í ṣí ìwé, tí gbogbo ènìyàn gbà pé olóríkunkun ni. Nígbà tí mo fún un ní ìwé ìròyìn, ó nà án síwájú títí apá rẹ̀ fi tán. Ojú rẹ̀ kò ríran sún mọ́ mọ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Awò ojú olówó pọ́ọ́kú ló fi di ẹni tó ń kàwé fún àwọn ẹlòmíì. Láti ìgbà náà, n kì í bẹ̀rẹ̀ kíláàsì láìkó awò ojú onírúurú agbára dání. Àwọn mìíràn wà tí ojú wọn dá ṣáṣá, síbẹ̀ tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ wọn lójú. Irú wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀nà ìkọ́ni tó lọ́ra, tó sì ń tún ohun kan náà sọ léraléra, ni wọ́n nílò.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ pín orúkọ sí ọ̀nà méjì: àwọn tí wọ́n ti dá ẹjọ́ wọn tí a sì mọ ìgbà tí wọn ó jáde, àti àwọn tó ṣì ń dúró de ìgbẹ́jọ́. Àwọn ẹni ìkejì yìí ni wọ́n sábà máa ń yọ sílẹ̀, pé a kò mọ̀ bóyá ọ̀la ni wọ́n á lọ. Ìdí yẹn kò tó. Àwọn mìíràn á dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ gé ẹ̀kọ́ tiwọn sí wẹ́wẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, kí èyí kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ẹni tó bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yóò ti mọ ohun kan délẹ̀, ìwé ẹ̀rí ohun kan ṣoṣo náà á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé kíkà ni ìpìlẹ̀

Téló tí kò lè ka ìwọ̀n, káfíńtà tí kò lè kọ iye owó iṣẹ́ sílẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíì ni èrè wọn ń wà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ láìkọ́ ìwé pẹ̀lú rẹ̀.

Kíláàsì tó kún kì í bá àgbàlagbà tí kò mọ̀wé lára mu, nítorí ìtìjú. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹlẹ́wọ̀n kan tó mọ̀wé máa kọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Shannon Trust ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́: àwọn méjì á jókòó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lóòjọ́, ẹlẹ́wọ̀n sí ẹlẹ́wọ̀n. Kò gba yàrá ńlá, kò gba olùkọ́ láti ìta lójoojúmọ́. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ dá àwọn tí yóò máa kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́: kí wọ́n má kánjú, kí wọ́n má fi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má sì gba nǹkankan lọ́wọ́ rẹ̀. Kókó tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Nínú ẹ̀wọ̀n, gbèsè kékeré lè di ẹrù ńlá.

Ẹ má lo ìwé ọmọdé. Ohun tí àgbàlagbà fẹ́ kà ni kí ẹ fún un: lẹ́tà láti ilé, ìwé kóòtù tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìròyìn eré bọ́ọ̀lù, ìlànà bí wọ́n ṣe ń lo òògùn. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni rọ̀ ọ́ kó wá sí kíláàsì.

Àwọn tó ti mọ̀wé ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ jìnnà. Ní erékùṣù Robben, àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú Gúúsù Áfíríkà ń kọ́ ara wọn bí wọ́n ti ń wa ẹfun, àwọn ènìyàn sì ń pe ibẹ̀ ní yunifásítì. Mandela fúnra rẹ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin láti ọ̀nà jíjìn, ó sì gba oyè náà ní 1989 láti yunifásítì UNISA, nígbà tí ó ṣì wà lẹ́wọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, Bard College bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nínú ẹ̀wọ̀n ní 1999. Oyè kan náà tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ níta ni wọ́n ń fún ẹlẹ́wọ̀n. Ní 2015, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Harvard díje nínú àríyànjiyàn, wọ́n sì borí wọn. Wọn kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn aláṣẹ sì ní láti yẹ ìwé tí wọ́n fẹ́ lò wò kó tó wọlé.

Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti sí, ẹ tètè tọrọ ìwé, kí ẹ fi oṣù kan sílẹ̀ fún yíyẹ̀wò. Ẹ tún lè béèrè bóyá wọ́n á gba kọ̀ǹpútà tí kò so mọ́ ibì kankan láyè. Kiwix, ètò kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, máa ń gbé Wikipedia odidi sínú kọ̀ǹpútà kí ẹ lè kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Yíyan iṣẹ́ ọwọ́, àti ìtọ́jú irinṣẹ́

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ fi sẹ́ iṣẹ́ kí ẹ tó yàn án. Ṣé àwọn ènìyàn ń sanwó fún un níbi tí ẹni náà ń padà sí? Ṣé owó kékeré lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tàbí ṣé ọ̀gá kan lè gbà á síṣẹ́? Ṣé òfin gba ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n rí láyè láti ṣe é?

Ìbéèrè kẹta ni wọ́n ń gbàgbé. Ní ìpínlẹ̀ California, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń bá panápaná pa iná igbó láti ọdún pípẹ́. Wọ́n fi ẹ̀mí wewu, wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jáde, àkọsílẹ̀ ẹ̀wọ̀n wọn kì í jẹ́ kí wọ́n rí ìwé àṣẹ tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ panápaná ń béèrè. Ìgbà tó di 2020 ni wọ́n ṣe òfin tó jẹ́ kí púpọ̀ nínú wọn lè bẹ kóòtù pé kí ó pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́. Nítorí náà, ẹ bi agbẹjọ́rò kan nípa iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìwé yín: iná mànàmáná, ọkọ̀ wíwà, ìtọ́jú aláìsàn, iṣẹ́ ààbò. Bí òfin bá ti dí ọ̀nà, ẹ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó fi ọdún méjì ṣòfò.

Fún àwọn obìnrin, ẹ má kàn gbé abẹ́rẹ́ àti irun dídì síwájú wọn kí ẹ gbà pé ó tán. Ẹ bi wọ́n. Mo mọ àwọn tó yan kíkun ilé àti iṣẹ́ sólà nígbà tí ẹnì kan bi wọ́n. Ẹ ro ti ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú: ìyá tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní lè wá tí kò bá sí ẹni tí yóò gbé ọmọ náà fún wákàtí méjì.

Irinṣẹ́ ló ń da ọ̀pọ̀ ibi ìkọ́ṣẹ́ rú. Bí àlùmọ́gàjí kan bá sọnù, wọ́n lè ti ọgbà náà pa fún ọjọ́ mẹ́ta, kíláàsì sì lè má ṣí mọ́. Ẹ kan pákó ńlá mọ́ ògiri, kí ẹ fi ọ̀dà ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ojú ibi tí ẹ ó ti gbé e kọ́, òòlù lórí àwòrán òòlù, ayùn lórí àwòrán ayùn. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹ ó rí ibi tó bá ṣófo. Ẹ fín nọ́ńbà sára ìkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mú un á fọwọ́ sí ìwé, á tún fọwọ́ sí i nígbà tó bá dá a padà. Kí olùkọ́ àti wọ́dà jọ kà á kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún ẹnikẹ́ni. Abẹ́rẹ́ pàápàá, ẹ kà á. Bí ó bá ṣẹ́, ẹ kó ẹ̀là méjèèjì kí ẹ tó fún un ní tuntun.

Kí ẹni náà má ṣe kọ́ iṣẹ́ ṣíṣe nìkan. Ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá iye owó lé iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà tí inú ń bí sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé. Ní 2009, wọ́n ṣí ilé oúnjẹ kan tí a ń pè ní The Clink nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n High Down ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló ń se oúnjẹ, àwọn ló ń gbé e fún àwọn aráàlú tó wá jẹun. Ojú oníbàárà gidi ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́.

Ohun tó ń tú kíláàsì ká

Àkọ́kọ́ ni owó. Bí iṣẹ́ ilé ìdáná ẹ̀wọ̀n bá ń mú owó díẹ̀ wá, tí kíláàsì kò mú nǹkankan wá, ẹni tó fẹ́ ra ọṣẹ yóò lọ sí ilé ìdáná. Ẹ bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n ka wákàtí ẹ̀kọ́ bí wákàtí iṣẹ́. Bí òfin bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀kọ́ máa dín ọjọ́ ẹ̀wọ̀n kù. Láti 2011, òfin Bùràsíìlì ń yọ ọjọ́ 1 kúrò fún wákàtí 12 tí ẹlẹ́wọ̀n bá fi kẹ́kọ̀ọ́. Ètò mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e nínú ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ wọn ń yọ ọjọ́ 4 fún ìwé kọ̀ọ̀kan tí ó bá kà tí ó sì kọ àròkọ lé lórí, títí dé ìwé 12 lọ́dún.

Èkejì ni kí wọ́n máa fi kíláàsì jẹ ènìyàn níyà. Nígbà tí wọ́n rí ìtàn ayé rẹ̀ tí Mandela ń kọ ní ìkọ̀kọ̀, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi gba àǹfààní ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ó wà nínú àdéhùn yín pé ẹni tó bá ṣẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì yóò gba ìyà mìíràn, ṣùgbọ́n kí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó tó ti ọ̀nà kan ṣoṣo wá náà léwu. Ní 1994, Amẹ́ríkà fi òfin yọ ẹlẹ́wọ̀n kúrò nínú owó ìrànwọ́ Pell tí wọ́n fi ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀pọ̀ ètò ẹ̀kọ́ inú ẹ̀wọ̀n sì wó. Oṣù Keje 2023 ni owó náà padà dé ní kíkún.

Wọ́n sì lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ sí ẹ̀wọ̀n mìíràn láìsọ fún yín. Ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti kọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ yín. Ibi tí ó bá dé, kí ó má tún bẹ̀rẹ̀ láti orí á, bí, dí.

Sátífíkéètì àti ìmúrasílẹ̀ fún ìjáde

Orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kò gbọ́dọ̀ sí lára sátífíkéètì. Ilé ẹ̀kọ́ tàbí àjọ ìdánwò tó wà níta ni kó fún un, irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń gbà. Ní Norway, ilé ìwé àdúgbò ló ń rán olùkọ́ rẹ̀ wọ ẹ̀wọ̀n, nítorí náà ilé ìwé yẹn kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ lè máa bá a lọ tó bá jáde. Bí ẹ bá lè rí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe é kí ẹ tó gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́.

Oṣù mẹ́fà sí ìjáde rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀gá tí yóò gbà á. Ẹ sọ òtítọ́ fún ọ̀gá náà pé ó ti ẹ̀wọ̀n bọ̀, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ọ̀gá náà wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú ọgbà. Nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta, ẹ ṣiṣẹ́ lórí ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, nítorí kò sí báńkì tí yóò ṣí àpò ìfowópamọ́ fún ẹni tí kò ní in. Ẹ bá mọ̀lẹ́bí sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù rẹ̀, àwọn mìíràn ń tijú, ó sì sàn kí wọ́n sọ ọ́ fún yín ju kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ tó bá jáde, kí ẹnì kan nínú yín dúró ní géètì. Ẹ fún un ní àpò irinṣẹ́ iṣẹ́ tí ó kọ́. Owó irinṣẹ́ kò dára tó irinṣẹ́ fúnra rẹ̀, torí ohun púpọ̀ ló ń dúró de owó lọ́sẹ̀ kìíní. Ẹ kọ àdírẹ́sì ọ̀gá rẹ̀ tuntun àti ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ lọ sórí ìwé kan, kí ọjọ́ náà má ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìjáde rẹ̀. Bí ó bá fẹ́, ẹ jọ lọ.

Ẹ pè é ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ní oṣù kìíní, ní oṣù kẹta, ní oṣù kẹfà. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ èsì sí: ó ń ṣiṣẹ́, kò ṣiṣẹ́, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ìdí rẹ̀ rèé. Iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ kò sọ nǹkankan fún yín. Bí márùn-ún nínú mẹ́wàá tó kọ́ wẹ́dà kò bá rí ẹ̀rọ lò níta, ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni kí ẹ gbé lọ sí ìpàdé tó kàn, kí àwọn tó ń bọ̀ lè kọ́ iṣẹ́ mìíràn.